Ọmọ-Ẹ̀yìn Nínú Ọkọ̀ Ọ̀rẹ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà bi ara wọn títí ọ̀ràn yóò fi dé bá wọn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní ọkọ̀ tí ó tóbi ju tìrẹ lọ, tí ó sì bẹ̀ ọ́ pé kí o wá ran òun lọ́wọ́ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ni o jẹ́ nínú ọkọ̀ náà? Ṣé ọ̀rẹ́ ni o ṣì jẹ́, tàbí ọmọ iṣẹ́? Ṣé gbogbo ohun tí ó bá wí ni ìwọ yóò máa ṣe? Bí o bá sì rí i pé ohun tí ó fẹ́ ṣe léwu, ṣé ipò rẹ gbà ọ́ láyè láti wí i? Mo mọ̀ pé ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí lè má tíì ní kẹ̀kẹ́, kí a má tíì sọ ọkọ̀. Síbẹ̀ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí o ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ rẹ kí o tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí ó jù ọ́ lọ, ìgbọràn sí ẹgbẹ́ ẹni sì ṣòro ju ìgbọràn sí ọ̀gá lọ fíìfíì.

Jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà sí ibi tí a lè fi ojú rí i. Ní Ìlọrin, ní apá ibi tí àwọn ọkọ̀ ń gbà lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ni Ọ̀fà Gáréèjì wà. Ibùdókọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti di orúkọ àdúgbò, tí ẹni tí kò wọ ọkọ̀ rí níbẹ̀ fi lè wí fún ọ pé Ọ̀fà Gáréèjì ni ilé òun wà. Bí o bá dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìwọ yóò gbọ́ bí àwọn agbèrò ti ń ké pe èrò, tí olúkúlùkù ń fẹ́ kí ọkọ̀ tirẹ̀ kún kí àkókò ìrun Jímọ̀ tó tó. Fi ọkùnrin kan sí ọkàn rẹ níbẹ̀, ẹni tí ó ní ọkọ̀ kékeré tirẹ̀, tí ó ń fi í ná Ìlọrin sí Ọ̀fà lójoojúmọ́. Òun ni awakọ̀, òun ni olówó ọkọ̀, òun ni ó ń gba owó, òun náà ni ó ń fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń pàṣẹ fún un nínú ọkọ̀ náà. Ọkùnrin yìí ní ọ̀rẹ́ kan tí ó ní lọ́rì, tí ó ń kó iṣu láti agbègbè yìí lọ sí Òṣogbo àti Ìbàdàn. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ọ̀rẹ́ náà, ẹni tí a ń pè ní mọ́tò-bọ́ì, lọ sí òkú bàbá rẹ̀ ní ìlú wọn. Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ wá bá ọ̀rẹ́: kí ó jọ̀wọ́ bá òun lọ láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Owó iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, àfi oúnjẹ, ibi ìsùn, àti inú dídùn pé a jọ rìn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò ni irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́. Àwọn baba wa kò pe gbogbo iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe fún ẹlòmíràn ní orúkọ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó jẹ gbèsè tí ó ń fi ara rẹ̀ sin olówó, ìwọ̀fà ni. Ẹni tí ó ń ro oko olóko láti gba owó, àgbàṣe ni ó ń ṣe. Àwọn tí ó jọ ń ro oko ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, àárò ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá fẹ́ kọ́ ilé, tí ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, tí ó se oúnjẹ, tí ó pọn omi, tí wọ́n sì bá a gbé ògiri ró, ọ̀wẹ̀ ni ó bẹ̀. Iṣẹ́ tí ọkùnrin wa ń lọ ṣe nínú lọ́rì yìí, ọ̀wẹ̀ ni. Kíyè sí i pé ẹni tí ó wá sí ọ̀wẹ̀ kò di ẹrú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè fi ìyà jẹ ẹ́ bí ó bá lọ sí ilé rẹ̀. Síbẹ̀, bí olóko bá ní ìhà báyìí ni kí ebè kọjú sí, ìhà ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀wẹ̀ yóò kọ ọ́ sí. Ẹni tí ó bá kọ ebè tirẹ̀ sí ìhà mìíràn nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òun ń ṣe ní oko òun kò ran olóko lọ́wọ́ rárá. Òmìnira rẹ̀ wà nínú wíwá tí ó wá. Bí ó bá ti wá, oko ẹlòmíràn ni ó wà.

Èyí yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí kì í yé wọn ni pé ìmọ̀ tí a ní láti inú ohun kékeré lè di ewu nínú ohun ńlá. Ọkùnrin wa mọ ọkọ̀ wíwà. Bí ó ti jókòó ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, “Èmi ì bá ti yà báyìí; èmi ì bá ti dúró.” Òótọ́ ni, òun ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́rì tí ó kún fún iṣu kì í dúró ní ibi tí ọkọ̀ kékeré ń dúró, bẹ́ẹ̀ ni bí a bá yí i lójijì, ẹrù tí ó ga lórí rẹ̀ yóò fà á ṣubú. Ìfà-sẹ́yìn tí ó dà bí ìwà ọ̀lẹ lójú ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ lè jẹ́ ọgbọ́n tí awakọ̀ kọ́ ní ọdún mẹ́wàá.

Àwọn tí ó ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣeré lórí omi mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní Èkó, ẹgbẹ́ kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1932, Lagos Yacht Club, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ onígbòkun díje lórí omi. Nínú ọkọ̀ kékeré, ènìyàn kan tàbí méjì tó: ọwọ́ kan di ìtọ́kọ̀ mú, ọwọ́ kejì di okùn ìgbòkun. Bí afẹ́fẹ́ bá le jù, a ó tú okùn náà sílẹ̀, ara yóò sì rọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ńlá, ìgbòkun fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè dì mú lọ. Irin róbótó kan ni a ń yí okùn mọ́, ẹni tí ó bá sì tú u bí ó ti ń tú tirẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré lè fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣòfò. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ń yí padà sí ìhà kejì, igi gbọọrọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìgbòkun yóò fò kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ó sì lè fọ́ orí ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó di ìtọ́kọ̀ mú kò ní dúró ṣàlàyé. Ó ké, àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ sì ṣe é. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tilẹ̀ ní ọkọ̀ tirẹ̀ ní ilé, tí ó sì jẹ́ ọ̀gá nínú rẹ̀, ní ọjọ́ náà okùn kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀, okùn náà ni kí ó sì mú.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìṣòro mìíràn tún wà tí kò yọ àwọn òyìnbó lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Kí ni a ó ṣe bí ẹni tí ó wá ṣe ìrànlọ́wọ́ bá ju olówó ọkọ̀ lọ ní ọjọ́ orí? Jẹ́ kí a wí pé ọkùnrin wa fi ọdún mẹ́rin ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ilé, Bàbá Ìbejì ni ọ̀rẹ́ náà ń pè é, “ẹ” ni ó sì ń lò fún un. Ẹ wá jẹun, Bàbá Ìbejì. Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Wàyí o, lọ́rì ń gun òkè, ẹ̀rọ rẹ̀ kú lójijì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ayé bọ̀lẹ̀kájà ni pé kí ó bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtì igi tí wọ́n gbẹ́ fún un, kí ó sì sọ ọ́ sí ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ tó gba ìdarí lọ́wọ́ awakọ̀. Ṣé o rò pé awakọ̀ náà yóò wí pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi igi sí ẹ̀yìn táyà”? Kí ó tó sọ ọ́ tán, wọn yóò ti wà nínú kòtò. Yóò ké pé, “Igi! Fi igi sí i!” bí ẹni ń bá ọmọ ọdún mẹ́wàá wí. Ẹni tí ó bá ní làákàyè kò ní fi ìgbe náà pamọ́ sí ikùn. Ọ̀wọ̀ kò sọnù. Ọ̀wọ̀ kàn dúró de ìgbà tí táyà yóò dúró ni. Mo ti rí ọ̀rẹ́ tí ó bàjẹ́ lórí irú ìgbe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí inú bí kò mọ ohun tí ó wá ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olówó ọkọ̀ náà ì bá ti tọrọ gáfárà lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ nínú ewu. Gbólóhùn kan ṣoṣo ní ìdí iná alẹ́ ì bá ti tó.

Títí di ìhín yìí, ó lè dà bí ẹni pé ohun tí mo ń wí ni pé kí ọmọ ẹ̀yìn pa ẹnu mọ́ kí ó sì máa ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ìyẹn. Ohun méjì ni ọ̀rẹ́ gbé wọ inú ọkọ̀ ọ̀rẹ́: ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀. Ọwọ́ ni ó fi ṣe ọ̀wẹ̀, ọwọ́ náà sì gbọdọ̀ gbọ́ràn kíákíá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún ojú pé kí ó má rí ohun tí ó rí. Ìdí tí ọkọ̀ ńlá fi nílò ju ènìyàn kan lọ kì í ṣe nítorí agbára nìkan. Awakọ̀ kò lè rí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tán, kò lè rí okùn ẹrù tí ó ń tú, kò sì lè rí ojú ara rẹ̀ nígbà tí oorun ń kùn ún. Ọmọ ẹ̀yìn tí ó rí èyí tí kò sì wí i kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gbé gbogbo iṣu ayé sókè.

Wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Los Rodeos, ní erékùṣù Tenerife tí ó jẹ́ ti Spéìnì. Kùrukùru bo gbogbo pápá. Ọkọ̀ òfúrufú ńlá méjì, ọ̀kan ti àwọn ará Họ́lándì, èkejì ti àwọn ará Amẹ́ríkà, wà lójú ọ̀nà kan náà, tí èkíní kò rí èkejì. Ọ̀gá awakọ̀ ti Họ́lándì jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́, ó tilẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn. Nígbà tí ó kọ́kọ́ fẹ́ gbéra, igbákejì rẹ̀ rán an létí pé wọn kò tíì gba àṣẹ, ó sì dúró. Nígbà tí ó tún fẹ́ gbéra, ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní ẹ̀yìn rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ Amẹ́ríkà náà ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti kúrò. Ẹni tí ó béèrè dákẹ́, igbákejì náà kò sì wí nǹkan. Ọkọ̀ kejì kò tíì kúrò. Ènìyàn 583 ni ó kú. Lẹ́yìn ọ̀ràn náà àti irú rẹ̀ mìíràn, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn pé kí ẹni tí ó kéré jù lè sọ ohun tí ó rí, kí ó sì tún un sọ, àti pé kí ọ̀gá mọ bí a ti ń fetí sí i. Rò ó wò ná: àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òpè, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀mí tiwọn náà wà nínú ọkọ̀. Ohùn ẹni tí ó dá wọn lójú jù wọ́n lọ ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Láàrin ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ohun tí ó ń pa ni lẹ́nu mọ́ tún le ju ìyẹn lọ. Ọmọ iṣẹ́ ń bẹ̀rù kí owó rẹ̀ má sọnù. Ọ̀rẹ́ ń bẹ̀rù kí a má wí pé ó ń jowú. Ó ní ọkọ̀ kékeré, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ńlá. Bí ó bá wí pé, “Táyà yìí ti jẹ tán,” ṣé wọn kò ní wí pé ojú ń wọ ọ́ ni? Bí ó bá wí pé, “Ó ti rẹ̀ ọ́,” ṣé kò ní dà bí ẹni tí ó fẹ́ gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀? Báyìí ni ènìyàn rere ṣe ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ ra ikú. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọn kò sì wí pé àfi bí àgbà náà bá jẹ́ ìbátan ìyá ọmọ, tàbí àfi bí ìyá ọmọ kò bá ní bínú.

Bí a ṣe ń wí i ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò le. Má ṣe dúró de ìgbà tí ó bá ti di ariwo. Wí i ní gbólóhùn kúkúrú, wí ohun tí o rí dípò ohun tí o rò nípa rẹ̀. “Ọkọ̀ ti kọjá ìlà lẹ́ẹ̀mejì” dára ju “Ìwọ kì í ṣọ́ra” lọ. Má ṣe wí i níwájú àwọn agbèrò láti fi hàn pé ìwọ náà mọ iṣẹ́. Bí kò bá dáhùn, tún un wí. Bí o bá sì ti wí i nípa ohun tí kò léwu, tí ó ní báyìí ni òun fẹ́ ẹ, jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí yóò gbà wọ Òṣogbo, ibi tí yóò ti jẹun, iye tí yóò gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣu, ìwọ̀nyí kò kàn ọ́. Ẹni tí ó ń ṣe àríyànjiyàn lórí gbogbo nǹkan ti ná ohùn rẹ̀ tán kí ọjọ́ ewu tó dé, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ mọ́ nígbà tí ó bá rí i ní tòótọ́ pé ọkọ̀ ń lọ sínú igbó.

Ọjọ́ Àìkú ni ìdánwò ń dé. Wọ́n ti já iṣu tán ní Ìbàdàn, wọ́n ti ń bọ̀ wá sí ilé. Ní Òṣogbo, àwọn alájàpá obìnrin mẹ́ta wọ ọkọ̀ wọn, nítorí lọ́rì òfìfo kò kọ owó díẹ̀. Wọ́n kọjá Ìkìrun ní òru. Olówó ọkọ̀ kò sùn dáadáa láti ọjọ́ Ẹtì. Orí rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń gbé e sókè. Ọmọ ẹ̀yìn wí i, ó ní kò sí nǹkan, ilé ti kù díẹ̀. Ìwọ ọmọ ilé-ìwé, ṣe ìṣirò yìí: ọkọ̀ tí ó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń lọ ju mítà 22 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí oorun bá gbé awakọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré, ọkọ̀ ti rìn ju mítà 88 lọ láìsí ẹni tí ó ń wà á, ó sì lè jí láìmọ̀ pé òun sùn. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀. Àjọ náà wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò jókòó nínú lọ́rì yìí ní òru. Ọ̀rẹ́ ni ó jókòó níbẹ̀.

Kí ni kí ó ṣe? Àwọn kan yóò wí pé kí ó gba ìtọ́kọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì kì í di ìtọ́kọ̀ kan mú nínú ọkọ̀ tí ó ń sáré, ẹni tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ sì ti fa ewu tí ó ń sá fún. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọkọ̀ kan, ọ̀gá kan. Ó ti wí tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Èmi kò gbà ìyẹn náà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ni ó wà nínú ọkọ̀, mo lè gbọ́ ẹni tí ó ní òun yóò bá ọ̀rẹ́ òun kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmùgọ̀ ni mo ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin mẹ́ta wà ní ẹ̀yìn. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀rẹ́ nínú ọkọ̀ náà, owó ọkọ̀ ni wọ́n san, wọn kò sì rí ojú awakọ̀ láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Ojú tí ó lè bá wọn rí i, ojú ọmọ ẹ̀yìn ni.

Nítorí náà, kí ó ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kò sí awakọ̀ tí kì í dúró fún ìyẹn. Bí wọ́n bá dé Òkukù tí ọkọ̀ sì dúró, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó má sì tún wọlé. Kí ó lọ sí ẹ̀yìn, kí ó wí fún àwọn obìnrin náà pé oorun ń kùn awakọ̀, òun kò sì ní bá a lọ títí yóò fi sùn. Yóò dójú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ náà bú u, kí ó rán an létí iye ìgbà tí òun ti yá a ní owó, kí ó ní kí ó máa wá ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ìlọrin. Kí ó gba èébú náà. Kò ṣe ohun tí ó burú sí i. Ó kàn gba ọwọ́ rẹ̀ padà, èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì wí ohun tí ojú rẹ̀ rí fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Bí awakọ̀ náà bá rọ̀ níkẹyìn, tí ó na ara rẹ̀ sórí àga, kí ọmọ ẹ̀yìn jókòó sí ìta, kí ó máa ṣọ́ ọkọ̀ àti ẹrù àwọn obìnrin náà. Ní ìdájí, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bọ́jú tán, tí ó tún gbé ọwọ́ lé ìtọ́kọ̀, kí ó má ṣe dá ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀. Bí ó bá ní kí ó lọ wo táyà ẹ̀yìn, kí ó sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó, kí ó sì lu ara ọkọ̀ fún un bí gbogbo rẹ̀ bá dára.